Ọjọ́ Tí A Gbé Ọkọ̀ Iṣẹ́ Lọ Sí Pápá Eré

Ọdún mọ́kànlá ni àwa àti ẹ̀gbọ́n wa kò fi ojú kan ara wa. Ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ń gbé. Kétu ni àwa ti ń kọ́ni. Nígbà tí bàbá wa kú, ìwé ìgbélùú ẹ̀gbọ́n wa kò tíì pé, bí wọ́n bá jáde, wọn kò ní lè padà wọlé mọ́. Lórí tẹlifóònù ni wọ́n ti gbọ́ ìró ìlù ìsìnkú. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n fi owó ọkọ̀ òfuurufú ránṣẹ́ sí wa ní ìsinmi ọdún tó kọjá, a rò pé ọ̀rọ̀ bàbá ni a ó jókòó sọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní alẹ́ tí a dé gan-an ni wọ́n mú wa lọ sí ẹ̀yìn ilé, wọ́n sì wí pé: « Àbúrò, ọmọ ọlọ́mọ ni o ń kọ́ lójoojúmọ́. Wá bá mi bá tèmi sọ̀rọ̀. »

Ọmọ wọn ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ọlọ́pàá ti dá a dúró ní òru ọjọ́ kan, ní òpópónà kan láàárín àwọn ilé ìkẹ́rùsí, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń fi ọkọ̀ sáré nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti lọ sílé. Kò tíì sáré nígbà tí ọlọ́pàá dé. Ó wà lórí ìlà, ó ń dúró de àyè tirẹ̀, èyí ni kò jẹ́ kí wọ́n tì í mọ́lé. Ọkọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ ni ó gbé lọ. Ẹ̀gbọ́n wa ń tẹ́ ilẹ̀ ilé, iṣẹ́ tí àwa níhìn-ín ń pè ní carreaux. Inú ọkọ̀ yẹn ni ẹ̀rọ ìgé-òkúta àti sìmẹ́ǹtì wọn wà. Láti inú rẹ̀ ni owó oògùn ìyá wa ti ń wá sí Kétu, láti inú rẹ̀ sì ni apá kan owó tí a fi ka ìwé ní yunifásítì Abomey-Calavi ti wá. Bí ọkọ̀ yẹn bá run, ilé méjì ni yóò mọ̀ ọ́n lára.

A bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: ọ̀rọ̀ náà kò wọlé. Gẹ̀ẹ́sì ni tirẹ̀, Faransé ni tiwa. Yorùbá nìkan ni afárá tó wà láàárín wa, afárá náà sì ti dá ihò. Gbogbo ohun tí olùkọ́ máa ń sọ ni a sọ: ikú, ẹ̀wọ̀n, ìtìjú ìdílé. Ó ń mi orí, ó ń dáhùn pé « Ẹ̀n, bàbá kékeré », a sì rí i lójú rẹ̀ pé ó ń dúró kí a parí. A mọ ojú yẹn. Ojú tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń ṣe ní aago méjìlá ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Ẹni tí ó la ọ̀nà fún wa ni bàbá àgbàlagbà kan, adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, tí àwọn àti ẹ̀gbọ́n wa jọ ń ṣiṣẹ́. Àwọn náà ti sáré nígbà èwe wọn. Wọ́n ní kí a yé sọ fún ọmọ náà pé kí ó má sáré. Kí a mú un lọ síbi tí a ti ń sáré. Pápá kan wà, wọ́n ní, ọ̀nà títọ́ kan ṣoṣo tí kò ní kọ́nà, ohun tí wọ́n ń pè ní drag strip. Ní àwọn alẹ́ kan láàárín ọdún, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìwé ìwakọ̀ lè mú ọkọ̀ tó fi ń lọ sọ́jà wá, kí ó san owó, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì sáré.

Ẹ̀gbọ́n wa bínú. Ṣé kí àwọn tún fi owó ra ohun tí àwọn ń sá fún? Àwa náà bínú díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wádìí, a rí i pé ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọ̀dọ́ California ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe, wọ́n sì ń fi í díje lójú títì láàárín ìlú. Ní 1950, wọ́n ṣí pápá eré kan ní Santa Ana, lórí ilẹ̀ pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Wally Parks, olóòtú ìwé ìròyìn Hot Rod, dá ẹgbẹ́ NHRA sílẹ̀ kí eré náà lè ní òfin, kí ó sì kúrò lójú títì. Ní 1955 ni wọ́n ṣe ìdíje àpapọ̀ orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́, ní Great Bend ní ìpínlẹ̀ Kansas. Mítà 402 ni gígùn eré náà, ìdámẹ́rin máìlì kan. Àwọn pápá mìíràn wà tí kò ju ìdajì èyí lọ.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọkọ̀ náà ṣe nìyẹn. Chevrolet Silverado ni, ọkọ̀ akẹ́rù tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, irú èyí tí àwa ìbá pè ní bâchée bí ó bá ní aṣọ lórí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ oníhò mẹ́jọ, lítà 5,3. Ó wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì lọ. Ní ọjọ́ Sátidé ni alẹ́ eré. Ní ọjọ́ Ajé, ẹ̀gbọ́n wa ní láti fi ọkọ̀ yẹn kan náà gbé òkúta lọ sí ilé oníbàárà kan. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwa yóò padà sílé. Kò sí àyè fún àṣìṣe.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí a kó ẹrù kúrò. Ẹni tí kò bá tíì kó ẹrù kúrò nínú ọkọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ rí kò lè mọ ohun tí ojú wa rí. Àpò sìmẹ́ǹtì tí ó ti di òkúta wà níbẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan wà níbẹ̀, ìgò omi òfìfo mẹ́rìndínlógún sì wà níbẹ̀. Ọmọ náà ni ó kà wọ́n. A yọ táyà àfikún. Bàbá àgbàlagbà náà ti sọ fún wa pé bí a bá yọ nǹkan bí kìlò 45 kúrò, ọkọ̀ yóò fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá yá sí i. Ọmọ náà fẹ́ yọ ìjókòó ẹ̀yìn pẹ̀lú. Bàbá rẹ̀ wò ó, kò sì sọ̀rọ̀ náà mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀yìn ọkọ̀ ti ṣófo, ó ronú kan ohun mìíràn, èyí tí ó jẹ́ ọgbọ́n: táyà ẹ̀yìn ni ó ń ti ọkọ̀ yìí, bí ẹ̀yìn bá sì fúyẹ́, táyà yóò máa yí lásán. Ǹjẹ́ kí a má ṣe gbé àpò sìmẹ́ǹtì méjì padà sórí rẹ̀? Rárá, ni bàbá náà wí lórí tẹlifóònù. Ohun tí a kò bá fi irin dè mọ́ ọkọ̀ di ọta ìbọn ní ọjọ́ tí ọkọ̀ bá kọlu ògiri.

Lábẹ́ ìjókòó awakọ̀ ni a ti rí fọ́tò kan nínú àpòòwé. Bàbá wa ni, wọ́n dúró ti Peugeot 404 wọn, ọwọ́ wọn wà lórí iná iwájú bí ẹni gbé ọwọ́ lé orí ọmọ. Ọkọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń kó èrò àti iṣu láti Kétu lọ sí Pobè àti Porto-Novo, nígbà tí ọ̀nà ṣì jẹ́ ilẹ̀ pupa. A kò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n wa mú un lọ. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ ọmọ, wọ́n gbé e sórí tábìlì irinṣẹ́, ibẹ̀ ni ó sì wà títí tí a fi parí iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ èdè fún wa ní wàhálà, ó sì dùn. Àwa ń wí pé « frein », ọmọ náà kò mọ̀ ọ́n. Òun ń wí pé « brake », àwa náà ń ṣe bí ẹni tí ó gbọ́. Ẹ̀gbọ́n wa ni wọ́n rántí ìjánu, ọ̀rọ̀ tí ó ti ọ̀dọ̀ ẹṣin wá. Ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀. Láti ìgbà náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè orúkọ ohun gbogbo, àwa àti bàbá rẹ̀ sì ń wo ara wa lójú, nítorí pé a kò mọ̀ ju ìdajì lọ. A ti ń pe nǹkan wọ̀nyí ní Faransé láti kékeré, a kò sì fura.

Bátìrì ni ó kọ́kọ́ kó ìtìjú bá wa. Nígbà tí a ṣí orí ẹ́ńjìnnì, a rí i pé rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ ni ẹ̀gbọ́n wa fi dè é mọ́lẹ̀. A rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó wọn fi jáde wá wò wá. Bí bàbá wa ti máa ń dè é gan-an nìyẹn, ìdè kan náà, kókó kan náà. Ṣùgbọ́n àwọn olùyẹ̀wò kì í gba èyí: irin àti bóòtù ni ó gbọ́dọ̀ di bátìrì mú, nítorí pé bí ọkọ̀ bá dojú dé, bátìrì tí ó já lè dá iná. A ra irin tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ká rọ́bà náà, wọ́n fi sí àpò.

Táyà iwájú kan ti jẹ ní ẹ̀gbẹ́ inú, wáyà rẹ̀ ti ń yọjú. A pààrọ̀ méjèèjì sí tòkunbọ̀ tí ó ṣì dára. A dì gbogbo nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ọkọ̀ le. A wo bẹ́líìtì ààbò. Nǹkan wọ̀nyí kò gbà wá ní wákàtí méjì.

Ibi tí ìjà ti dé ni a fẹ́ sọ. Bàbá wa kì í tan ẹ́ńjìnnì láàárọ̀ láì kọ́kọ́ tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Bí ọwọ́ bá tutù, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀: omi ni, epo bẹntiróòlù ni, àbí òróró. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, láì rò ó, àwa náà tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n wa. Ó tutù. Ó pupa. Òróró gíà ni. Ó ń kán láti ibi tí okùn rọ́bà kan ti sopọ̀ mọ́ ọ̀pá irin nítòsí rẹ́díétọ̀, ẹ̀kán kan lẹ́yìn òmíràn.

« Ó ti pẹ́ tí ó ti ń kán, » ni ẹ̀gbọ́n wa wí. « Mo máa ń fi kún un. »

A ní kò lè dé pápá bẹ́ẹ̀. Bí òróró bá kán sójú ọ̀nà eré, ọkọ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò tẹ̀ ẹ́ lórí eré burúkú. Bí gíà bá sì gbẹ, ọjọ́ Ajé ńkọ́? Ọmọ náà ń wò wá, ojú rẹ̀ ti ń pọ́n. Ẹ̀gbọ́n wa ní àwọn kò ní owó mẹkáníìkì ní ọ̀sẹ̀ yìí, ìwọ̀nba ẹ̀kán díẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni, àti pé ẹni tí kò ní ọkọ̀ kì í kọ́ ọlọ́kọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá. A dáhùn, ó sì yẹ kí a ti pa ẹnu mọ́: « Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, bàbá kò ní gbé e jáde báyìí. »

Wọ́n gbé iná ọwọ́ wọn sílẹ̀. « Ìwọ ni o sin bàbá, » ni wọ́n wí. « Kì í ṣe èmi. Nítorí náà, ìwọ ni o mọ ohun tí wọn ìbá ṣe. »

Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Ọdún mélòó ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wà nínú wọn, tí a ń bá ara wa rẹ́rìn-ín lórí tẹlifóònù ní ọjọọjọ́ Àìkú? A kò rí ìdáhùn kankan, títí di ìsinsìnyí tí a ń kọ ìwé yìí, a kò tíì rí i. Ọmọ náà ni ó mú sípánà, tí ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, tí ó wọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀. A gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ní Yorùbá:

« Bàbá, èwo ni kí n tú? »

Ẹ̀gbọ́n wa dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì tan iná sí i. Okùn rọ́bà tuntun àti ìdè rẹ̀ kò wọ́n rárá. Ẹnì kan kò kàn tíì wo ibẹ̀ dáadáa ni. Ní òwúrọ̀ Sátidé, a tẹ́ páálí funfun sí abẹ́ ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Funfun ni a bá a.

Ìyá wa pè láti Kétu ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Wọ́n béèrè bóyá a ti sọ fún Ògún. Ẹ̀gbọ́n wa, tí wọ́n jẹ́ Krìstẹ́nì, ń wo òrùlé. Ìyá ní epo pupa díẹ̀ péré ni, kí a fi kan irin. Ọmọ náà béèrè, láì ṣàwàdà rárá, bóyá àwọn olùyẹ̀wò kò ní rò pé òróró gíà tún ti ń kán. Ìyá wa rẹ́rìn-ín títí tí ẹ̀rọ fi já. Bóyá ẹnikẹ́ni fi epo kan irin lẹ́yìn náà, àwa kò rí i, a kò sì béèrè.

Ní pápá, àwọn òbí méjèèjì fọwọ́ sí ìwé nítorí ọjọ́ orí ọmọ. Olùyẹ̀wò di bátìrì mú, ó mì í, kò mì. Ó tẹ̀ba wo abẹ́ ọkọ̀, ó wo táyà, ó wo bàtà àti ṣòkòtò gígùn tí ọmọ náà wọ̀. Òfin NHRA ní kí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá lè parí eré ní ìṣẹ́jú àáyá 13,99 tàbí kí ó tètè jù bẹ́ẹ̀ dé akoto. Ọkọ̀ tiwa kò sún mọ́ ibẹ̀. Wọ́n fi oje ìkunbàtà funfun kọ nọ́ńbà sí gíláàsì. Bàbá àgbàlagbà náà dín afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀yìn kù sí bíi bar 2, kí ó lè tẹ́ rẹrẹ mọ́ ilẹ̀. Wọ́n kìlọ̀ fún ọmọ náà pé kí ó pa ẹ̀rọ amúlétutù, kí omi rẹ̀ má bàa kán sójú ọ̀nà, kí ó sì gba ẹ̀gbẹ́ kọjá ibi tí wọ́n da omi sí. Táyà eré tí ó dán ni wọ́n ń rẹ sínú omi yẹn tí wọ́n ń yí i títí yóò fi gbóná. Táyà ojú títì ní ihò, omi ni yóò kàn gbé lọ sórí ìlà.

Iná tí ń dá wọn sílẹ̀ dúró lórí òpó bí igi Noẹ́lì, orúkọ yẹn náà sì ni wọ́n ń pè é. Ní 1963 ni NHRA fi í rọ́pò ẹni tí ń ju àsíá. Táyà iwájú yóò kọ́kọ́ gé ìtànṣán kan, lẹ́yìn náà ìkejì. Iná ìyeyè mẹ́ta yóò tàn tẹ̀ lé ara wọn, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá láàárín wọn, kí àwọ̀ ewé tó tàn. Bí o bá kúrò ṣáájú, pupa.

Ẹni tí ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ wa ni ìyá kan, ó tó ẹni ọgọ́ta ọdún, nínú ọkọ̀ kékeré kan tí kò ní ariwo. A rí i tí ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Iná tàn. Ìyá náà lọ. Ọkọ̀ tiwa ṣì dúró, bí ẹni ń gbàdúrà. Nígbà tí ó rántí, ó tẹ epo pátápátá, táyà ẹ̀yìn ké, kò sì sí ibi tí ó ń lọ. Ìyá náà ti ń padà bọ̀ nígbà tí ó gba ìwé àkókò rẹ̀: 17,4.

A kò lè sọ bí inú ẹ̀gbọ́n wa ti dùn tó.

Ìyá yẹn kan náà ni ó wá sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wa lẹ́yìn náà. Ó sọ fún ọmọ náà pé kí ó má dúró de àwọ̀ ewé. Kí ó kúrò nígbà tí ó bá rí ìyeyè kẹta, kí ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ epo bí ẹni tẹ ẹyin. Ọmọ tí ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ wa ní ọjọ́ márùn-ún láì gbọ́ ọ dúró gbọnin níwájú àjèjì yìí, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn. Olùkọ́ a máa jowú, a jowú. Ó sáré lẹ́ẹ̀kejì: 17,1. Ní ìgbà kẹta: 16,9, ní kìlómítà 132 láàárín wákàtí ní òpin ọ̀nà.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n wa ní kí ọmọ fún àwọn ní kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n lọ, wọ́n sáré, 17,6. Ọmọ náà ń fò sókè nínú èrò bí ẹni tí a fún ní ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ padà dé, ẹ̀gbọ́n wa kò sọ̀kalẹ̀. Wọ́n jókòó, ọwọ́ wọn wà lórí ìdarí ọkọ̀, wọ́n ń wo iwájú. A sún mọ́ fèrèsé. A rò pé ọ̀rọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni, a sì ti ń wá ohun tí a ó wí.

« Gíà kejì ń pẹ́ kí ó tó wọlé, » ni wọ́n wí. « Ṣé o gbọ́ ọ? »

A ní a gbọ́ ọ.

Àwọn kan yóò bi wá pé èrè wo ni ó wà nínú jíjó epo lórí mítà 402. Àwa kò sọ pé kí a kọ́ irú pápá bẹ́ẹ̀ sí Kétu nígbà tí àga ilé ẹ̀kọ́ wa kò tó. Ṣùgbọ́n àwa náà ń gbọ́ alùpùpù tí ń sáré ní òru lójú títì wa, a sì mọ̀ pé ìbáwí nìkan kò tíì dá ọ̀kan dúró. Ìwé àkókò náà wà lọ́wọ́ wa. Ní oṣù kẹwàá, a mú un wọ kíláàsì físíìkì. Mítà 402 ní ìṣẹ́jú àáyá 16,9: ìṣirò eré rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 86 láàárín wákàtí. Bí agbára tí ń ti ọkọ̀ bá dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó yẹ kí eré ìkẹyìn jẹ́ ìlọ́po méjì, nǹkan bí 171. Ṣùgbọ́n 132 ni ìwé sọ. Níbo ni ìyókù lọ? Kíláàsì pariwo fún wákàtí kan; ọmọbìnrin kan láti ẹ̀yìn ni ó kọ́kọ́ dárúkọ afẹ́fẹ́, òmíràn sì ní gíà ni.

Ní ọjọ́ Ajé yẹn, ọkọ̀ náà gbé òkúta lọ sí ilé oníbàárà. Ọmọ náà bá bàbá rẹ̀ lọ. Àwọn méjèèjì ni wọ́n gbé wa lọ sí pápákọ̀ òfuurufú ní ọjọ́ kejì. Nínú àpò wa, rọ́bà kẹ̀kẹ́ tí a tú kúrò lára bátìrì ni ẹ̀gbọ́n wa fi di páálí oògùn ìyá wa.

Ní ọ̀sẹ̀ tí a ń parí ìwé yìí, ọmọ náà kọ ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sórí tẹlifóònù, láì sí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀, a sì tún un kọ báyìí: « Bàbá kékeré, ìjánu iwájú ti jẹ. Èmi àti bàbá máa pààrọ̀ rẹ̀ ní Sátidé. Kí ni wọ́n ń pe rẹ́díétọ̀ ní Yorùbá? »

A ṣì ń béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà.